Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká gba PVC (káàdì ìdìbò) ṣùgbọ́n ká má gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin Kristẹni Abẹ́òkúta ẹ wá bá mi dá sí i

Akọrin_Àṣèrò kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú ara yín lórí ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó ti tó oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń kéde ní gbogbo Sọ́ńdè pé kí ẹni tí ò bá ní PVC lọ forúkọ sílẹ̀ nítorí ìdìbò 2027, wọ́n tiẹ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti pé 18 dìde káwọn lè kọ orúkọ wọn. Ó dáa, inú mi dùn sí i. Àfi bí ìgbìmọ̀ ìjọ ṣe jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n wá ní ẹnikẹ́ni tó bá di ipò mú nínú ìjọ, akọrin ni o, tíṣà Sunday school ni o, aṣọ́nà ni o, tó bá ti gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú, kó yáa fi ipò sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Èmi ni mò ń darí akọrin. Mo sì ti gba káàdì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, mi ò dupò kankan, mẹ́ḿbà lásán ni mí, mítìn ni mo kàn ń lọ. Nígbà tí mo bi bàbá ìjọ, wọ́n ní ojúṣe ọmọlúàbí ni kéèyàn dìbò, àmọ́ òṣèlú ìdọ̀tí ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ibo ni wọ́n ti rí ààlà yẹn nínú Bíbélì?

Ìyá_Aládìrẹ kọ:

Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ o. Ṣebí ẹgbẹ́ ni àwa aládìrẹ náà ní n'Ítòkú, à ń jà níbẹ̀, à ń parí ẹ̀, à ń yan olórí, kò sí pásítọ̀ tó ní ká má wá gba ara Olúwa nítorí ẹ̀. Àwọn bàbá ìjọ yìí náà ṣá.

Díákónì_Kútọ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀. Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ ní ìjọ tèmi, kì í ṣe ìjọ Akọrin o, àmọ́ mo mọ nǹkan tó ń ba àwọn bàbá yẹn lẹ́rù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ẹ máa rí APC, ẹ máa rí PDP, Labour, ADC, gbogbo wọn ń jẹun lórí tábìlì Olúwa kan náà. Tí ẹni tó ń darí orin bá wá jẹ́ ẹni tí wọ́n rí lánàá lórí ọkọ̀ tó ń ju fìlà ẹgbẹ́ fáwọn ọmọ Pánṣẹ́kẹ́, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì ò ní lè fi gbogbo ọkàn ẹ̀ ṣe àmín sí orin yẹn mọ́. Mo ti rí ibi tí ìdílé méjì ti kúrò nínú ìjọ nítorí gọ́mìnà tí ò mọ̀ wọ́n rí. Ká tún wá sọ ti olùdíje tó máa ń wá ṣe ìdúpẹ́ nígbà tí ìdìbò bá ku oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n á lé ìyá arúgbó dìde ní síìtì iwájú kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lè jókòó.

Jésù fúnra ẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi agbára mú un jọba, orí òkè ló gbà lọ, Jòhánù 6:15, ó sì sọ fún Pílátù pé ìjọba òun kì í ṣe ti ayé yìí.

Ẹ tún rántí pé ìlú wa yìí ti rí i rí. Lọ́dún 1867, Ìfọ́lé, wọ́n fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n kó ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé òyìnbó kúrò l'Ábẹ́òkúta. Townsend àtàwọn tó kù ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ìjọba jù. Kéèyàn dìbò, kó lọ sílé, kó máa gbàdúrà fún àwọn tó wà nípò bí 1 Tímótì 2 ṣe wí. Ó tó.

Tíṣà_Adátán kọ:

Díákónì, ẹ ṣeun, ẹ mọ ìtàn, àmọ́ ẹ ò sọ ọ́ tán sà. Ohun tó ń bí àwọn Ẹ̀gbá nínú nígbà yẹn ju Townsend lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó ló ń na ọwọ́ wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n ń kó ọlọ́pàá wá síbi tí kì í ṣe tiwọn, àwọn èèyàn wá ń wo òyìnbó tó wà láàrin wọn bí amí. Òyìnbó ni wọ́n lé, wọn ò lé ìgbàgbọ́. Àwọn onígbàgbọ́ tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ṣì wà nílùú. Kódà ọdún méjì ṣáájú Ìfọ́lé, ní 1865, G. W. Johnson tó jẹ́ Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone wá, ti bá wọn dá Egba United Board of Management sílẹ̀, kí ìlú lè ní ìjọba tó ń gba owó bodè, tó ń kọ ìwé, tó lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ní èdè tí òyìnbó gbọ́. Ẹ ò lè fi Ìfọ́lé sọ pé kí onígbàgbọ́ jókòó sílé.

Ká tún wá súnmọ́ ìgbà tiwa. Rẹ́fúrẹ́ǹdì Israel Oludotun Ransome-Kuti, àlùfáà tòótọ́ ni, òun ni ọ̀gá ilé ìwé Abeokuta Grammar School, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ìyàwó ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, wà nínú ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé àwọn ìyá ọ̀làjú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, wọ́n wá ṣí i sílẹ̀ fáwọn ọlọ́jà, ó di Abeokuta Women's Union ní 1946. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ààfin Aké nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n ń béèrè ibi tí owó ń gbà lọ. Ní January 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, 1950 ni wọ́n tó padà. Ìyàwó àlùfáà o! Tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ Akọrin ni, wọn ì bá ti gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ láti 1947.

Àmọ́ kì í ṣe ìtàn ni mo fẹ́ fi pa yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an ni pé lórílẹ̀-èdè yìí, òfin ò gbà kéèyàn dá dupò láìsí ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ẹ máa bá lórí ìwé ìdìbò, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti mú un jáde, nínú ìdìbò abẹ́lé, níbi tí ẹni tí kì í ṣe mẹ́ḿbà ò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró dọjọ́ ìdìbò gbogboogbò dà bí ẹni tó dé búkà lálẹ́, ohun tó bá kù nínú ìkòkò ló máa jẹ. Ẹ rántí June 2022, APC ń yan ẹni tó máa dupò ààrẹ. Pásítọ̀ méjì tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà níbẹ̀: Ọ̀ṣínbàjò, pásítọ̀ Rìdíìmù, ará Ìkẹ́nnẹ́, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà yẹn, àti Túndé Bákàrè tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta níbí. Ọ̀ṣínbàjò ní ìbò 235. Bákàrè ní òdo. Tinúbú ní 1,271. Mi ò sọ pé pásítọ̀ ló yẹ kó wọlé o, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì. Ohun tí mò ń sọ ni pé àdúrà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbà lóru ọjọ́ yẹn, ó dáa, Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ẹgbẹ́, tí wọn ò ju ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀ lọ ló dìbò, ibi tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan dẹ́lígéètì ni wọ́ọ̀dù, irú mítìn tí wọ́n ní kí Akọrin má lọ yẹn.

Ọmọ_Lísàbi kọ:

Tíṣà ti ṣí kíláàsì, ẹ mú notebook yín jáde 😂

Kò_Kàn_Mí_Mọ́ kọ:

Gbogbo yín ń fi dátà ṣòfò. Ní 2023 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní 93 mílíọ̀nù, àwọn tó jáde dìbò ààrẹ ò tó 30 nínú 100. Ẹ rò pé ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó kù? Wọ́n ní BVAS tó ń yẹ ìka àti ojú wò, wọ́n ní IReV tí wọ́n ń gbé èsì sí, wọ́n ní èsì máa gorí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibùdó ìdìbò, mo jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú, èsì ààrẹ ò gòkè. November 2024, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó ogún. Gbogbo ẹ̀! Ẹ ẹ̀ wá sọ fún mi pé Ọlọ́run máa bi mí léèrè pé kí ló dé tí mi ò lọ to láìnì nínú oòrùn. Kristẹni ni mí, mò ń san owó mi, mi ò jalè, mi ò pa ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ n sinmi.

Ìyá_Aládìrẹ kọ:

Kò kàn ẹ́ mọ́ àmọ́ o mọ gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ lórí.

Abọ́sẹ̀dé_FUNAAB kọ:

Bọ̀dá Kò Kàn Mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ọmọdé ni mí níwájú yín. Ìdìbò gọ́mìnà Ògùn ní 2023, iye tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde ni 276,298 fún Dàpọ̀ Abíọ́dún, 262,383 fún Ládi Adébùtú. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọn ò yí i padà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, 13,915 ni. Tẹ́ ẹ bá pín in sí ìjọba ìbílẹ̀ 20, kò pé 700 èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ẹ má wo ẹgbẹ́ tó wọlé tàbí èyí tí ò wọlé, mi ò sí nínú ìkankan. Iye tó ya ẹni tó wọlé sọ́tọ̀ nìyẹn, nínú ìpínlẹ̀ tí vigil kan ṣoṣo lójú ọ̀nà máròsẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lè kó ju bẹ́ẹ̀ jọ lọ́nà ìlọ́po. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ìbò ààrẹ kò nítumọ̀ mo lè gbọ́ ìyẹn, àmọ́ ti gọ́mìnà yìí ẹ ò lè sọ pé ẹnì kan ò jẹ́ nǹkan kan.

Ọmọ_Ẹlẹ́rìí kọ:

Mo fẹ́ dá sí i díẹ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni àwọn òbí mi, wọn kì í dìbò, wọn kì í wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, wọn kì í sọ pé àwọn fẹ́ràn ẹnì kan ju ẹnì kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń san owó orí, ó ń gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n bá ní ká jáde tún àyíká ṣe òun ló máa kọ́kọ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ibi tí àwọn dúró sí, wọ́n dúró síbẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ìbò kọ́, ẹgbẹ́ kọ́. Èmi ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo ń dìbò báyìí, àmọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Akọrin yìí ló ń yà mí lẹ́nu, ẹ ní ká fọwọ́ tẹ̀ka lórí orúkọ ẹnì kan, àmọ́ ibi tí wọ́n ti yan orúkọ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni ká débẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Òkè_Ìlèwó kọ:

Ẹ jẹ́ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ torí mo rí i pé ẹ ti ń lù ú pọ̀. Ohun tí òfin kọ̀ nìyí: òfin ìdìbò sọ pé wọn ò gbọdọ̀ lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, wọn ò sì gbọdọ̀ fi í gbé ẹgbẹ́ tàbí olùdíje lárugẹ tàbí kí wọ́n fi í bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀ náà. Nítorí náà olùdíje tó ń wá ṣe ìdúpẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì méjì tí pásítọ̀ wá ń sọ lórí pẹpẹ pé "ẹ̀yin ọmọ mi ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa dìbò fún", ìyẹn gan-an ló ń fa wàhálà, kì í ṣe káàdì tó wà nínú àpò Akọrin. Kéèyàn wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú, ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin 1999 fún un ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba pàápàá, nígbà tí INEC fẹ́ dí wọn lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ní 2003 pé wọ́n lè jẹ́ mẹ́ḿbà ẹgbẹ́ òṣèlú. Tó bá di pé ẹ fẹ́ dupò ni ẹ máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìdìbò tó wáyé.

Ìjọ lè ṣe òfin tó wù ú fún àwọn tó ń sìn níbẹ̀ o, kò sí ilé ẹjọ́ tó máa bá Akọrin gba choir padà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé òfin ìlú ò sọ ohun tí bàbá ìjọ sọ.

Ìyá_Aládìrẹ kọ:

Agbẹjọ́rò ẹ ṣé. Ẹ wá bá mi dá sí èyí náà. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń pín owó nígbà ìdìbò, dìbò kóo sebẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má díbọ́n. Ní ibi tí mo ti ń dìbò, wọ́n pín in, èmi gbà á. Mo gbà á, mo dìbò fún ẹni tó wù mí, mo fi ra ìrẹsì. Owó wa náà ni, wọn ò bá a nínú oko bàbá wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ọmọ_Lísàbi kọ:

Mọ́mì ẹ ṣe é 🙌 ẹ jẹ owó, ẹ fi ìbò jẹ wọ́n níyà

Màmá_Ìjọ_Ìbarà kọ:

Ìyá Aládìrẹ, ọ̀rẹ́ mi, mi ò fẹ́ dójú tì yín níta, àmọ́ níta lẹ ti sọ ọ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa fọ́ ojú ọlọ́gbọ́n, Diutarónómì 16 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ẹ dìbò fún ẹni tó wù yín, mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún yín lówó yẹn ò mọ̀. Ohun tó gbé lọ sílé ni pé ní wọ́ọ̀dù yín, owó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún mẹ́rin sí i ó máa tún gbé e wá, ẹni tí ò lówó, bíi Akọrin yìí, á wo ara ẹ̀ á ní kí lòún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí Jẹ́tírò ń sọ irú èèyàn tí Mósè máa yàn, Ẹ́kísódù 18:21, ó ní èèyàn tó kórìíra ojúkòkòrò. Àwa tí à ń yan èèyàn wá ńkọ́, tí ojúkòkòrò bá wà lára tiwa?

Ẹni tó gbà á, tí ọmọ ẹ̀ ò tíì jẹun látàárọ̀, mi ò ní dá a lẹ́jọ́, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kí a má máa fi í yangàn.

Ìyá_Aládìrẹ kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń pín in náà, torí síìtì iwájú ni wọ́n máa ń gbé òun sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá_Ìjọ_Ìbarà kọ:

Mo ti sọ ọ́. Wọn ò pè mí sí ìgbìmọ̀ mọ́ látìgbà yẹn 😀

Alhaja_Láfẹ́ńwá kọ:

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mùsùlùmí ni mí, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná ni, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan. Lẹ́nu àwọn kan níta mo máa ń gbọ́ "Kristẹni gbọ́dọ̀ wọlé, pásítọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé". Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn. Ní June 12, 1993, ọmọ ìlú yìí, MKO Abíọ́lá, ló gbé àpótí, Mùsùlùmí, igbákejì ẹ̀ Kingibe Mùsùlùmí, àìmọye Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá tò fún un. Ilé ìwé onítẹ̀bọmi, Baptist Boys' High School, ló ti kàwé, níbi tí Ọbásanjọ́ náà ti kàwé, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 2023 tí tíkẹ́ẹ̀tì Mùsùlùmí méjì tún dé, ẹ̀yin CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, pariwo, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, mi ò sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ nínú ilé tiwa, àbúrò mi Anglican ni, ọkọ mi Mùsùlùmí, gọ́tà tó wà níwájú ilé ò mọ ẹni tó ń kírun nínú wa.

Tíṣà_Adátán kọ:

Alhaja ẹ ṣeun mà. Mo fọwọ́ sí i. Jeremáyà 29:7, àwọn Júù wà nígbèkùn ní Bábílónì, wọ́n ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú náà, ìlú àwọn abọ̀rìṣà o, wọn ò ní kí wọ́n wá àlàáfíà àdúgbò àwọn Júù nìkan. Dáníẹ́lì ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, Jósẹ́fù ṣe tiẹ̀ ní Íjíbítì lábẹ́ Fáráò. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tí wọ́n dè é tí wọ́n fẹ́ nà án ní Jerúsálẹ́mù, kò sọ pé ọmọ ọ̀run lòun. Ó ní ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù lòun, ṣé òfin gbà kẹ́ ẹ nà mí láìdájọ́? Ẹ̀rù ba ọ̀gá ọmọ ogun. Ó mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀, ó sì lò ó.

Kò_Kàn_Mí_Mọ́ kọ:

Tíṣà, Róòmù ò ní bàbá ìsàlẹ̀ ní Àṣèrò. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé téèyàn bá ti dé mítìn wọ́ọ̀dù wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Orúkọ ti jáde láti ilé ọ̀gá kí ẹ tó jókòó. Akọrin, ẹ sọ òótọ́ fún wa, kí lẹ ti rí níbẹ̀?

Akọrin_Àṣèrò kọ:

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí.

Mítìn wa, ọgbà ilé àgbà kan la ti ń ṣe é. Wọ́n á ní aago mẹ́rin, aago mẹ́fà la máa bẹ̀rẹ̀. Ọtí máa ń wà, èmi Maltina. Ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ tí à ń sọ kò ju pé ta ló jẹ owó transport tí wọ́n ní ká pín, ta ni wọn ò pè sí ìpàdé ní ìjọba ìbílẹ̀. Bọ̀dá ò parọ́, orúkọ máa ń wá látòkè, wọ́n á kà á, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, inú sì bí mi.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Akọ̀wé wọ́ọ̀dù wa kó lọ sí Èkó, wọ́n ní ta ló lè kọ ìwé, gbogbo wọn wo ojú mi. Èmi ni mò ń kọ àkọsílẹ̀ mítìn báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àwọn ejẹ́ǹtì tó máa jókòó ní ibùdó ìdìbò, ọwọ́ mi ló gbà kọjá, mo rí i pé orúkọ ẹni tó ti kú wà níbẹ̀, mo yọ ọ́, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ọ̀rọ̀ transformer tó jó ní àdúgbò wa, ibẹ̀ la ti kọ lẹ́tà tí kánsílọ̀ gbé lọ, ó pẹ́, àmọ́ wọ́n gbé òmíràn wá. Nǹkan kékeré ni. Tí mo bá kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹni tó máa gba bírò lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́.

Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ ká búra nígbà kan pé a ò ní dalẹ̀ ẹgbẹ́, mo ní Bíbélì ni mo máa fi búra pé mi ò ní jalè ẹgbẹ́, mi ò ní búra pé mi ò ní kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "choirmaster ti dé". Ó parí síbẹ̀. Ẹ̀rù ìmùlẹ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bà ara wọn yẹn, bóyá ó wà lókè lọ́hùn-ún, mi ò tíì rí i ní wọ́ọ̀dù.

Màmá_Ìjọ_Ìbarà kọ:

Ẹ wo Onídàájọ́ 9 o. Àwọn igi fẹ́ fi ọba jẹ. Wọ́n lọ bá ólífì, ó ní òun ò lè fi òróró òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá ọ̀pọ̀tọ́, ó ní adùn òun ńkọ́. Àjàrà ní wáìnì òun ńkọ́. Ẹ̀gún wá ní kò burú, ẹ wá sábẹ́ òjìji mi, tẹ́ ẹ bá sì kọ̀, iná máa jáde lára mi jó àwọn igi kédárì Lẹ́bánónì. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ pé "òṣèlú ìdọ̀tí ni" ni mo máa ń rántí ólífì yẹn. Òróró ẹ̀ dáa lóòótọ́. Àmọ́ lábẹ́ ta ló padà gbé?

Díákónì_Kútọ̀ kọ:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìjọ tó máa fọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Agbẹjọ́rò sọ nípa pẹpẹ yẹn wọ̀ mí lára, torí ká sòótọ́, àwa ìgbìmọ̀ la máa ń gba sọ̀wédowó àwọn olùdíje fún kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a ò ní kí ẹnikẹ́ni fipò sílẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tí mo máa dábàá ní ìjọ tèmi nìyí: ẹni tó kàn jẹ́ mẹ́ḿbà ẹgbẹ́, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, kó má wọ fìlà ẹgbẹ́ wá, kó má sọ ọ́ nínú ìdánrawò orin. Ẹni tó bá gba fọ́ọ̀mù láti dupò, kó yẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ títí ìdìbò fi máa parí, kì í ṣe bí ìjìyà o. Ẹgbẹ́ tàbí olùdíje tó bá fẹ́ fún ìjọ lówó nígbà ìpolongo, ká dá a padà. Mo mọ̀ pé ẹ̀kẹta yìí ni wọn ò ní gbà.

Kò_Kàn_Mí_Mọ́ kọ:

Wọn ò ní gbà á láéláé.

Agbẹjọ́rò_Òkè_Ìlèwó kọ:

Díákónì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ kà á ní ìgbìmọ̀. Kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Akọrin_Àṣèrò kọ:

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti lọ bá bàbá ìjọ nílé, mo mú àbá Díákónì dání, mo sọ pé àwọn kan ló sọ ọ́ fún mi, mi ò sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn á gbé e síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí n ṣì máa darí akọrin lọ, àmọ́ kí n má jẹ́ kí àwọn èèyàn rí mi lórí ọkọ̀ ìpolongo. Mo gbà ìyẹn, ohùn mi ò tiẹ̀ fẹ́ eruku. Tí wọ́n bá padà ní kí n yàn ọ̀kan, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé bírò yẹn ni mo máa dì mú, ó ní òun á gbàdúrà sí i, mi ò mọ apá ibi tó ń gbàdúrà ọ̀hún sí.

Abọ́sẹ̀dé_FUNAAB kọ:

Ẹ̀gbọ́n Akọrin, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tán, Agbẹjọ́rò sà, Ìlaròó ni mo ti forúkọ sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà nílé, ọgbà yunifásítì wa ní Àlàbàtà ni mo wà báyìí, mi ò lè máa wọkọ̀ lọ sí Ìlaròó lọ́jọ́ ìdìbò torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn. Ṣé kí n kàn tún forúkọ sílẹ̀ níbí?

Agbẹjọ́rò_Òkè_Ìlèwó kọ:

Rárá o. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ wọn á sì mú yín torí ìka ọwọ́ àti ojú yín ti wà níbẹ̀. Ìṣípòpadà lẹ máa béèrè fún, transfer ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú PVC yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, torí abẹ́ Ọ̀dẹ̀dá ni Àlàbàtà wà, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e wá sí ibùdó ìdìbò tó sún mọ́ ọgbà yín. Ẹ tètè lọ kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀, torí tí wọ́n bá ti tì í pẹ́nrẹ́n, Ìlaròó lẹ máa ti dìbò nìyẹn.